Rosalba Carriera: Obìnrin Venice Tó Fi Ṣọ́ọ̀kì Ya Ọba

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ wo léèsì tó wà lọ́rùn obìnrin inú àwòrán yìí dáadáa. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún o. Ọ̀pá aláwọ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi yà á sórí pépà. Rosalba Carriera ló ṣiṣẹ́ yìí, ọmọ ìlú Venice ní Ítálì.

Ọdún 1673 ni wọ́n bí i. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń hun léèsì. Orí ìdérí àpótí áṣáà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá Yúróòpù kì í fi áṣáà ṣeré, àpótí tí wọ́n ń kó o sí sì gbọ́dọ̀ jojú ní gbèsè. Rosalba a máa ya ojú èèyàn tíńtín sórí eyín erin fún wọn. Nígbà tó di 1705, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní Róòmù gbà á wọlé, láyé tó jẹ́ pé agbára káká ni wọ́n fi ń gba obìnrin.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló kàn ń fi í dán iṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbé ọ̀dà jáde. Rosalba ní tiẹ̀ fi í ṣe odindi iṣẹ́. Tó bá fẹ́ ya léèsì, á kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó dúdú tẹ́ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dá ọ̀pá funfun dùbúlẹ̀, á sì rọra wọ́ ọ kọjá. Ibi tí pépà ti ga díẹ̀ nìkan ni funfun máa mú. Dúdú á máa yọjú láàárín bí ihò ara léèsì. Lójú tèmi, ẹni tó dàgbà sídìí léèsì ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń sọ sí lọ́kàn.

Iṣẹ́ náà tún yá. Ọ̀dà olóróró ń pẹ́ kó tó gbẹ, ṣọ́ọ̀kì kò ní gbígbẹ nínú. Àwọn ọmọ olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rìnrìn àjò káàkiri Ítálì a máa wá jókòó níwájú rẹ̀ ní Venice, kí wọ́n lè mú àwòrán ara wọn relé.

Ní 1720, Pierre Crozat, olówó kan tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, pè é wá sí Paris. Ó ya Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, ọba Faransé tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 péré. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ọba gbà á wọlé, àjèjì obìnrin! Ó ya Watteau, ayàwòrán ńlá, ní 1721, ọdún tí ọkùnrin náà kú gan-an.

Kò lọ́kọ rárá. Giovanna àbúrò rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́, Rosalba sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, nínú àwòrán kan tó ti ya ara rẹ̀, àwòrán Giovanna ló gbé dání. Giovanna ló kọ́kọ́ kú. Ojú Rosalba náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ríran díẹ̀, ojú tún pa dà fọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí ojú yẹn ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1757.

Augustus Kẹta, ọba Poland tó tún ń jọba ní Saxony, ti kó iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní 150 jọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá gba Jámánì kọjá, ẹ yà sí Dresden, olú ìlú Saxony yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà níbẹ̀.