Ta Ló Lẹ Orúkọ Mọ́ House àti Techno?

Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ 10 Records, tó wà lábẹ́ Virgin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń múra láti gbé àkójọ orin ijó orí ẹ̀rọ táwọn ọmọ Detroit ní Amẹ́ríkà ṣe jáde. "The House Sound of Detroit" ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, torí house, orin ijó orí ẹ̀rọ láti Chicago, ti ń tà wàràwàrà lọ́dọ̀ wọn. Àfìgbà tí Juan Atkins, olórin ará Detroit, kó orin tirẹ̀ dé, "Techno Music", ni wọ́n tó yí i padà sí "Techno! The New Dance Sound of Detroit". Atkins kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lo ọ̀rọ̀ náà. "Techno City" ti Cybotron, ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, ti jáde ní 1984. Ṣùgbọ́n ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀yà orin kan gedegbe.

Tí a bá gbé orúkọ tì, kí la máa gbọ́? Ẹ jẹ́ ká wo TR-909, ẹ̀rọ ìlù tí Roland ti Japan gbé jáde ní 1983. Bọ́tìnnì 16 ló tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ìlù bá dé 16, á padà sí 1. Ẹ fi ìlù ẹsẹ̀ sí 1, 5, 9 àti 13. Àtẹ́wọ́ sí 5 àti 13. Hi-hat (ohùn awo idẹ méjì tí ń lu ara wọn) tó là sílẹ̀ sí 3, 7, 11 àti 15. Ẹ gbé ìyára sí ìlù ẹsẹ̀ 122 ní ìṣẹ́jú kan. House nìyẹn. Tó bá le gbagidi bí ìrìn sójà, shuffle, ohun tó ń fa àwọn ìlù kan sẹ́yìn díẹ̀, ló máa tú u. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á lo shuffle títí, wọn ò ní gbọ́ ìyàtọ̀. Ojú 2, 4, 6 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nìkan ni shuffle ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ fi hi-hat tó padé síbẹ̀ ná, kó má ròkè jù.

Ẹ wá gbé ìyára dé 130, ẹ yọ àtẹ́wọ́ kúrò, ẹ fi ohùn gòjé orí synthesizer, ẹ̀rọ tó ń dá ohùn orin, lé e. Ẹni tó ń gbọ́ á ní techno ni, bẹ́ẹ̀ egungun ìlù kò yí padà. Hi-hat tó ń bọ́ sáàárín ìlù ẹsẹ̀ yẹn, Earl Young, onílù aláwọ̀ dúdú ará Philadelphia, ló gbé e wọ disco, orin ijó tó ṣáájú house, nínú "The Love I Lost" ti 1973.

Disco yìí kan náà ni wọ́n fi àdó fọ́ ní Chicago. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1979, DJ rédíò Steve Dahl kó àwo disco jọ láti fọ́ wọn ní Comiskey Park, pápá bọ́ọ̀lù ìlú náà. Vince Lawrence, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, sọ pé púpọ̀ nínú ohun táwọn èèyàn kó wá kì í ṣe disco rárá. Orin aláwọ̀ dúdú ṣáá ni. Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé iṣẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ "disco", wọ́n ń kọ "dance". Nílùú kan náà, DJ Frankie Knuckles ń lu disco lọ ní tirẹ̀ ní ilé ijó Warehouse láti 1977, fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn Amẹ́ríkà tí ń fẹ́ ọkùnrin. Orúkọ ilé ijó yẹn ni "house" ti wá. Ní 1984, Lawrence yìí àti Jesse Saunders ṣe "On and On", tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àwo house àkọ́kọ́.

Ọgbọ́n ọjà ọ̀hún ti pẹ́. Títí di 1949, "race records" ni ìwé ìròyìn Billboard ń pe àtẹ orin aláwọ̀ dúdú, kó tó sọ ọ́ di "rhythm and blues". Àwọn orin orí àtẹ náà kò torí ẹ̀ yí padà.

Àwọn kan á ní ti Jámánì ni techno, torí Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin orí ẹ̀rọ ti ilẹ̀ náà. Ará Detroit kò fi Kraftwerk pamọ́ rí: Electrifying Mojo, DJ rédíò wọn, ń gbé e sórí rédíò pọ̀ mọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú bíi Prince àti ẹgbẹ́ Parliament. Àmọ́ nígbà tí Tresor, ilé ijó tó tún ń gbé àwo jáde, ṣílẹ̀kùn ní Berlin ní 1991, àwo àkọ́kọ́ tó gbé jáde, X-101, iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ Underground Resistance ti Detroit ni.

Tiwa ńkọ́? Candido, onílù ará Cuba, sọ orin Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Yorùbá, di "Jingo" fún ilé ijó disco ní 1979, Tony Allen, onílù Afrobeat, àti Jeff Mills, olórin techno ará Detroit, sì gbé àwo jáde pọ̀ ní 2018. Èyí kò sọ pé Yorùbá ló dá house sílẹ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to orin sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má fi ìyára nìkan pín in. Ẹ kọ ìlú, ọdún àti orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ ọn. Tí orúkọ tí wọ́n ń pe orin náà bá tún yí lọ́dún mẹ́wàá sí i, àkọsílẹ̀ yín kò ní nílò àtúnṣe.