Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ìbúra Ìkọ̀kọ̀ Tí Ọmọ Ṣe fún Àjèjì Lórí Fóònù

Asalaamu alaykum, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa.

"Fi Ọlọ́hun búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Àjèjì tí ọmọ kò fojú rí rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orí Instagram ni wọ́n ti pàdé. Á fi àwòrán arẹwà ránṣẹ́, á ní kí wọ́n bọ́ sórí WhatsApp, á wá béèrè àwòrán ìhòhò. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á to orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà síwájú rẹ̀: sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló máa rí i.

Ní oṣù kẹta 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, kó sí wọn lọ́wọ́. $1,000 ni wọ́n béèrè. Ó san $300, wọn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Kò tó wákàtí 6 tó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Èkó wa níbí wà lára àwọn tó ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ni wọ́n dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 2024. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pe èyí ní iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ọmọ mi, ìbúra yẹn kò dè ọ́. Nínú hadiisi tí Imaam Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá búra, tó wá rí ohun tó dára jù ú lọ, kó ṣe èyí tó dára, kó sì san ìtánràn. Sísọ fún òbí rẹ ló dára ju dídákẹ́ lọ. Súrà 5:89 là á sílẹ̀: bọ́ aláìní 10 tàbí kí o fi aṣọ wọ̀ wọ́n, bí o kò bá ní agbára rẹ̀, gba ààwẹ̀ ọjọ́ 3. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n lágbára oúnjẹ, ààwẹ̀ ni wọ́n sáré bá. Ìrẹsì kìlógíráàmù 1.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ kan sọ. Ọmọ tí kò tíì bàlágà kò ní ìtánràn kankan.

Má sanwó, ẹni tó bá san ni wọ́n ń padà wá bá. Má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ya àwòrán ojú fóònù rẹ, kí orúkọ, nọ́ńbà àti àkáǹtì báǹkì wọn hàn, kí o tó bulọ́ọ̀kù wọn. Lo Take It Down, iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá ni dènà kí àwòrán ìhòhò má tàn kálẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán tí a yà kí ọmọ tó pé ọdún 18. O ò ní fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí wọn, inú fóònù rẹ ló máa wà. Àmọ́ apá rẹ̀ kò ká WhatsApp.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ fún wọn lálẹ́ òní, kó tó ṣẹlẹ̀: "Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán dẹ́rù bà ọ́, wá bá mi, bó jẹ́ aago méjì òru. Mi ò ní nà ọ́, mi ò sì ní gba fóònù rẹ."