Ìrù Ọmọńlé àti Ọwọ́ Onímọ̀

Bùkọ́lá: Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ará wa nílé lóko. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Woods Hole dé, ní Massachusetts níbí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ẹ sì ti ń fi stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Kí ló tún kù tí ẹ lọ kọ́?

Dàpọ̀: Ọwọ́ ni mo lọ kọ́, Bùkọ́lá. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń sìn nínú àwo ni mo mọ̀. N kò tíì fi ojú ara mi rí ibi tí ẹ̀yà ara tí a gé ti ń hù padà rí. Marine Biological Laboratory, ilé ìwádìí ẹ̀dá alààyè tó wà ní Woods Hole, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888, ti ń kó irú wa jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọjọ́ pípẹ́: ẹ̀kọ́ wọn lórí bí ọlẹ̀ ṣe ń di odindi ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ ní 1893, ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Èyí tí èmi lọ kúrú ju ìyẹn lọ, stem cell àti ìhùpadà nìkan ni a gbájú mọ́, láti òwúrọ̀ títí oorun yóò fi fẹ́ gbé ènìyàn ṣubú.

Bùkọ́lá: Ìhùpadà yìí, ṣé irú ti ọmọńlé tó ń já ìrù sílẹ̀ fún ológbò ni?

Dàpọ̀: Irú rẹ̀ ni, àmọ́ ìrù kejì ọmọńlé kì í ṣe ojúlówó: kerekere ló wà nínú rẹ̀ dípò eegun. Axolotl, ẹran inú omi kan tó ti Mẹ́síkò wá, ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀, teegun teegun, tiṣan tiṣan ni òmíràn yóò hù. Aràn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní planarian ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún èmi. Kò gùn ju èékánná lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì sì sún mọ́ra bí ojú ẹni tó ń wo imú ara rẹ̀. Orí nǹkan tútù la ń tẹ́ ẹ sí kó má baà rìn, a ó wá fi abẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo tẹ̀ fọ́.

Bùkọ́lá: Ọ̀mọ̀wé!

Dàpọ̀: Má rẹ́rìn-ín. Stem cell ló kún ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí fi ń hu ìrù, tí ìrù sì ń hu orí. Thomas Hunt Morgan, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Woods Hole náà, ṣírò rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 19 pé ìdá kan nínú 279 ara aràn yìí lè di odindi.

Bùkọ́lá: Kí ló wá burú nínú kíka irú èyí nínú ìwé?

Dàpọ̀: Ìwé kì í fi ọwọ́ hàn ọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní láàbù kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé ìlànà ni wọ́n jù sí mi. Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì mi tó yẹ kó pupa rẹ́súrẹ́sú ti pọ́n bí ọsàn, kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ṣègbé. Ní Woods Hole, ẹni tó kọ́ni jókòó tì mí, ó ní ìgbọ̀nwọ́ mi ga jù.

Ẹni tó mọ irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa ni Ernest Everett Just, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú láti Howard University. Ó kọ́kọ́ dé Woods Hole ní 1909, ó sì ń padà lọ fún nǹkan bí 20 ọdún. Ó mọ bí a ṣe ń mú ẹyin àwọn ẹran inú òkun láìpa á lára débi pé àwọn òyìnbó ń wá bi í léèrè. Síbẹ̀, kò sí yunifásítì ńlá ti aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà tó gbà á síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Bùkọ́lá: Àwọn mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ fọ́ ńkọ́?

Dàpọ̀: Díẹ̀ ṣẹ́kù lára ọ̀kan, ní ìdí ìrù. Mo dá a sínú omi, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ojú méjì ti ń yọ lára rẹ̀, dúdú, bí ẹnu abẹ́rẹ́.