Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Mi Yúróòpù Tìtì

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Ronúpìwàdà. Ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n, ẹni tí kì í lọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù nínú ọkọ̀. Ó ti wọ̀ wá létí jù, a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ẹ bá mi tú u: ro, inú, pa, ìwà, dà. Ro inú rẹ, kí o sì pa ìwà rẹ dà. Inú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìwà ló parí sí. Kò sí owó sísan níbẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní Yúróòpù, tí ìjọ fi ya sí wẹ́wẹ́.

Àsìkò tí mò ń sọ ni wọ́n ń pè ní Renaissance, ìgbà tí ọgbọ́n àtijọ́ tún ayé wá, àti Reformation tó tẹ̀ lé e, ìgbà tí àwọn kan dìde pé àwọn fẹ́ tún ìjọ ṣe. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ni wọ́n máa ń kó síwájú: Leonardo, Michelangelo, Raphael. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó ohun tí à ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn tó yí ayé padà jù ni àwọn tó jókòó ti ìwé àtijọ́, tí wọ́n ń bi í léèrè pé, kí lo sọ gan-an?

Bíbélì tí ìjọ ń lò nígbà yẹn ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, èdè Látìn ni. Jerome ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn sì ti lé ní 1,000 ọdún. Ní Mátíù orí kẹta, níbi tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti ń ké nínú aginjù, ohun tó wà níbẹ̀ ni "poenitentiam agite". Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí àwọn èèyàn wá ń gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn ni pé: lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà, kí o sì ṣe ohunkóhun tó bá ní kí o ṣe láti fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ààwẹ̀ ni o, àdúrà ni o, ìtọrẹ àánú ni o. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní gbangba ló bo ohun tí inú ń rò mọ́lẹ̀.

Ẹni tó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi etí yẹ ìwé wò ni Lorenzo Valla, ọmọ Róòmù. Ìwé kan wà tí wọ́n ní Ọba Constantine kọ ní ọ̀rúndún kẹrin, tó fi ta Póòpù lọ́rẹ àṣẹ lórí apá ìwọ̀ oòrùn ìjọba Róòmù. Ìwé náà ni àwọn Póòpù fi ń jà fún agbára ayé. Ní 1440, Valla gbé e síwájú, ó ń tú u wò bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà bá gbé owó sókè sí oòrùn. Látìn inú rẹ̀ kò rí bí Látìn ayé Constantine. Ó bá ọ̀rọ̀ náà "satrap" níbẹ̀, orúkọ oyè àwọn ará Páṣíà, ó ní ta ló ti gbọ́ irú ẹ̀ rí nínú ìgbìmọ̀ àwọn ará Róòmù? Ayédèrú ni ìwé náà. Èdè ló tú u fó.

Valla yìí kan náà gbé Májẹ̀mú Tuntun ti Látìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gíríìkì, ó kọ àwọn ibi tí wọn kò ti bára mu sílẹ̀. Ó kú ní 1457. Ìwé tó kọ wà ní ilé àwọn mọ́ǹkì kan nítòsí Leuven títí di 1504, tí ọkùnrin kan tó ń wá ìwé kiri fi kàn án. Erasmus ni, ará Rotterdam, ọmọ tí àlùfáà bí níta, tí àjàkálẹ̀ àrùn pa ìyá rẹ̀ ní kékeré. Ó gbé e fún òǹtẹ̀wé lọ́dún kejì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Gutenberg ti tẹ Bíbélì Látìn tirẹ̀ jáde ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí 1455. Tẹ́lẹ̀, tí akọ̀wé bá da ìwé kan kọ, ọ̀kan náà ló kọ. Ní báyìí, àṣìṣe tàbí òtítọ́, ohun tó bá ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà.

Ní 1516, ní ìlú Basel, Erasmus àti Johann Froben tó jẹ́ òǹtẹ̀wé gbé Májẹ̀mú Tuntun jáde, Gíríìkì lápá kan, Látìn tí Erasmus tún ṣe lápá kejì. Òun ni Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì tó kọ́kọ́ dé ọjà. Ìkánjú pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìwé àfọwọ́kọ Ìfihàn tó wà lọ́wọ́ Erasmus, ewé tó gbẹ̀yìn ti já kúrò, ló bá mú Látìn, ó fúnra rẹ̀ tú ẹsẹ mélòó kan tó kù padà sí Gíríìkì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ ká bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ní Gíríìkì, ohun tí Jòhánù sọ ni "metanoeite". Erasmus kọ àlàyé sí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìyà rárá. Kí èèyàn pe orí ara rẹ̀ wálé ni, kó yí inú padà. Ẹ padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀: ro, inú.

Ní àsìkò yìí gan-an ni Róòmù ń kọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ tuntun. Póòpù Julius kejì ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1506. Láti 1514, Raphael ni olórí iṣẹ́. Owó kò tó. Ní Jámánì, Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, jẹ báńkì àwọn Fugger ní gbèsè ńlá torí owó tó san kó tó rí ipò. Róòmù bá fọwọ́ sí i pé kó ta ìwé ìdáríjì, ìwé tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù: ìdajì owó á lọ fún ilé ìjọsìn, ìdajì á lọ fún Fugger. Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìwé tí wọ́n ń fún wa ní ọ́fíìsì ká fi kún un. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ síbi orúkọ. O bá sanwó, akọ̀wé á fi gègé kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, tàbí orúkọ bàbá rẹ tó ti kú. Ẹ̀rọ tó tẹ Bíbélì ló ń tẹ èyí náà. Wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ ní Mainz láti 1454.

Mọ́ǹkì kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì Wittenberg rí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ń mú ìwé yìí bọ̀. Martin Luther ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1517, ó kọ lẹ́tà sí Albrecht, ó fi kókó ọ̀rọ̀ 95 sínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀: nígbà tí Jésù Olúwa ní "poenitentiam agite", gbogbo ọjọ́ ayé onígbàgbọ́ ló fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Luther fúnra rẹ̀ sọ ní 1518 pé àwọn onímọ̀ Gíríìkì ló là á yé òun, pé ọ̀rọ̀ náà dà bí ọfà tó wọ òun lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ló gbé e dìde, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èdè ni.

Nígbà tó di 1521, Póòpù ti yọ ọ́ nínú ìjọ, olú ọba sì ti ní ẹni tó bá rí i kó mú un. Frederick, ọmọ aládé Saxony, ní kí àwọn ọmọ ogun ṣe bí ẹni jí i gbé, wọ́n fi í pamọ́ sínú ilé olódi Wartburg. Ó dá irùngbọ̀n sí, wọ́n ń pè é ní Jörg. Ní ọ̀sẹ̀ bí i 11, ó tú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì, láti inú Gíríìkì Erasmus.

Ibí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Luther kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1530 pé ẹni tó bá fẹ́ sọ èdè Jámánì kò gbọ́dọ̀ lọ bi Látìn. Kó lọ bi ìyá nínú ilé, kó bi àwọn ọmọdé lójú títì, kó bi èèyàn lásán lọ́jà, kó máa wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi ẹbọ nínú Májẹ̀mú Láéláé, ó ní kí alápatà pa àgùntàn níwájú òun, kó máa pe orúkọ ìfun àti ẹ̀yà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé Jóòbù, òun àti Melanchthon àti Aurogallus, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, máa ń lo ọjọ́ mẹ́rin nígbà mìíràn, kí ìlà mẹ́ta péré tó jáde.

Lucas Cranach, ayàwòrán, ni wọ́n gbé àwòrán inú Májẹ̀mú Tuntun Luther fún. Nígbà tí Májẹ̀mú Tuntun jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1522, adé onípele mẹ́ta ti Póòpù ló wà lórí ẹranko Ìfihàn. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Nínú ẹ̀dà ti oṣù Kejìlá, wọ́n ti gé adé náà kúrú.

Mi ò ní ṣe Luther ní áńgẹ́lì fún yín. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1525, ó kọ̀wé pé kí àwọn ìjòyè pa wọ́n, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 1543, ó kọ ìwé ìkórìíra sí àwọn Júù, pé kí wọ́n dáná sun sínágọ́gù wọn. Ọwọ́ tó kọ Bíbélì náà ló kọ ìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Tyndale fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bíṣọ́ọ̀bù London kò gbà á sílé. Ó sá lọ Jámánì, ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun tirẹ̀ jáde ní Worms ní 1526, ìwé kékeré tí èèyàn lè fi pamọ́ sínú ẹrù aṣọ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bíṣọ́ọ̀bù kó èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, ó dáná sun ún. Thomas More, ọ̀rẹ́ Erasmus tímọ́tímọ́, ló kọ̀wé ta kò ó jù: ó ní Tyndale yí ọ̀rọ̀ padà, pé ó kọ "repent" síbi tí ìjọ ti ń sọ pé kí èèyàn ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n pa. Henry kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n bẹ́ More lórí ní 1535. Lọ́dún yẹn náà, ẹni tí Tyndale kà sí ọ̀rẹ́ tà á ní Antwerp.

Wọ́n tì í mọ́lé olódi Vilvoorde. Lẹ́tà kan tó kọ níbẹ̀ ṣì wà, ní Látìn. Ó bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n bá òun mú fìlà tó nípọn wá, otútù ń mú òun lórí. Kí wọ́n mú ẹ̀wù kan, àti aṣọ tí òun á fi lẹ ṣòkòtò òun. Kí wọ́n fún òun ní fìtílà lálẹ́, torí ó ń súni láti dá jókòó sínú òkùnkùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n fún òun ní Bíbélì Hébérù, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Hébérù. Ní 1536, wọ́n fún un lọ́rùn pa, wọ́n sì sun òkú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Henry yìí kan náà fọwọ́ sí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ìjọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Tyndale. Àwọn tó ṣe ti Ọba James ní 1611 kò yọ "repent" rẹ̀ kúrò. Bíbélì yẹn làwọn míṣọ́nnárì gbé dé Freetown, níbi tí wọ́n ti kó ọmọkùnrin kan láti Òṣoògùn dé ní 1822, tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, òun ni Crowther. Ó ní oṣù mẹ́fà péré lòun fi wà nílé ìwé tí òun fi ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní 1850, ìwé Róòmù tó tú sí èdè Yorùbá jáde, ní 1884 Bíbélì wa pé. Ẹ ṣí i sí Mátíù orí kẹta, ẹsẹ kejì.