Kọ́nà 13: Ìdí tí ọkọ̀ mẹ́fà péré fi sáré ní Indianapolis lọ́dún 2005

Ẹ wò ó dáadáa. Ogún ọkọ̀ ló yí pápá ká láti wá tò, ṣùgbọ́n nígbà tí iná fẹ́ kú kí eré bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà péré ló wà lórí ìlà. Mẹ́rìnlá ti yà wọ pit lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Grand Prix Amẹ́ríkà nìyẹn, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2005, eré kẹsàn-án nínú ìdíje ọkọ̀ Formula 1 ọdún náà.

Kọ́nà tó kẹ́yìn, ìkẹtàlá, ni ẹjọ́ wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ́rẹ́ ní dígírì 9 àti díẹ̀, nítorí ara òpópó tí wọ́n ti ń sá eré ọkọ̀ Indy 500 ni. Ọ̀tún ni wọ́n ń yà, nítorí náà táyà òsì ló ń gbé ẹrù, pàápàá ti ẹ̀yìn. Ní kọ́nà tó tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni agbára ń ti táyà sí. Ní ilẹ̀ tó dà, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sì kúrò lórí tọ́tù, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ìhà táyà á ká, á tún nà, á tún ká. Ooru á mú un, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó sì lè bẹ́ nígbàkigbà.

Ó bẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17, táyà ẹ̀yìn òsì Toyota Ralf Schumacher fọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì lọ gbá ògiri. (Ibẹ̀ náà ló ti gbá ògiri lọ́dún 2004.) Ricardo Zonta ló rọ́pò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ méje ló ń lo táyà Michelin. Ilé-iṣẹ́ náà fi bàlúù kó irú mìíràn wá láti Faransé, àbùkù kan náà ló ní. Ferrari, Jordan àti Minardi ń lo Bridgestone, tí Firestone abẹ́ rẹ̀ ń ṣe táyà Indy 500. Ilẹ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kàn máa pààrọ̀ táyà. Òfin ọdún yẹn ni: táyà kan náà ni ọkọ̀ ń lò láti ìdíje ipò (èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò wà níwájú lórí ìlà) títí eré fi parí, àfi tó bá jò tàbí tó bàjẹ́. Lójú tèmi, òfin yìí ló so gbogbo èèyàn lọ́wọ́.

Michelin bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n to ìdènà sí kọ́nà 13 kí eré lè falẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn chicane. FIA, àjọ tó ń darí eré náà, kọ̀, wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ náà dín eré kù níbẹ̀, tàbí kí wọ́n máa gba pit lane kọjá. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ Michelin ń rọra lọ, Ferrari ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, lójú ọ̀nà kan náà. Ìyẹn gan-an léwu ju táyà lọ. Ẹni tó bá sì ń gba pit lane kọjá ní gbogbo ìyípo 73 tí eré náà ní, ṣe ó ṣì ń díje?

Jarno Trulli tó gba ipò kìíní náà yà sí pit. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n ń ju ìgò sórí pápá. Ferrari méjì nìkan ló bára wọn du ìṣẹ́gun, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn nígbà tí Michael Schumacher ń jáde ní pit tí Rubens Barrichello ń bọ̀. Barrichello ló bọ́ sórí koríko. Schumacher ló borí, ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tó ní lọ́dún náà. Tiago Monteiro ti Jordan ṣe ìkẹta, Narain Karthikeyan ìkẹrin, Minardi méjèèjì sì tẹ̀ lé wọn. Gbogbo pọ́ìntì 7 tí Minardi ní lọ́dún yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Michelin dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún àwọn òǹwòran, ó tún ra tíkẹ́ẹ̀tì 20,000 fún eré ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún 2006 sì dé, FIA ti gbà kí wọ́n máa pààrọ̀ táyà láàárín eré.