Pupa Ló Máa Ń Sọnù: Bí A Ṣe Ń To Kámẹ́rà fún Fọ́tò Dúdú àti Funfun

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, mo fẹ́ bi yín léèrè: àwọ̀ mélòó ni Yorùbá ní? Àwọn àgbà á ní mẹ́ta ni: dúdú, funfun, pupa. Aró àti ewé tó ṣú, abẹ́ dúdú ni wọ́n kó wọn sí. Epo àti ọsàn tó pọ́n, abẹ́ pupa. Tí ẹ bá wá ní fọ́tò dúdú àti funfun lẹ fẹ́ yà, ẹ ti lé pupa jáde nílé nìyẹn. Ibi tí pupa ń gbà lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó kan. Ìyá ìyàwó wọ léèsì aláwọ̀ ewé tó ṣú, ó wé gèlè pupa fòò, ẹni tó bá wò ó á fẹ́rẹ̀ẹ́ dijú. Mo gbé kámẹ́rà sí Monochrome (ìyẹn dúdú àti funfun), mo gbé e sí JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti sè jinná fúnra rẹ̀, mo ń yà á lọ ràì. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, gèlè ò yàtọ̀ sí léèsì mọ́. Eérú kan náà ni gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n da aṣọ kan bo ìyá náà látorí délẹ̀. Kò sì sí àtúnṣe, torí JPEG tí a bá yà báyẹn ti da àwọ̀ nù pátápátá.

Bí kámẹ́rà bá ń sọ àwọ̀ di eérú, kì í pín in dọ́gba. Ìṣirò kan tó wọ́pọ̀ máa ń mú nǹkan bí ìdá 59 nínú 100 lára ewé, 30 lára pupa, 11 péré lára búlúù. Bí pupa tó ń pariwo lójú wa ṣe ń bá ewé tó ṣú dọ́gba nìyẹn.

Nítorí náà, RAW, fáìlì tútù tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, ni kí ẹ tò ó sí, kí ẹ sì fi Monochrome kún un. Canon kó o sábẹ́ Picture Style, Nikon sábẹ́ Picture Control, Fujifilm sábẹ́ Film Simulation. Ohun tí ẹ máa rí lẹ́yìn kámẹ́rà á jẹ́ dúdú àti funfun, ojú yín á lè máa tọ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ṣùgbọ́n gèlè pupa ṣì wà nínú fáìlì. RAW oní-bit 14 lè ya ìpele 16,384 sọ́tọ̀. Ti JPEG ò ju 256 lọ. RAW ń jẹ káàdì o. Ẹ ra káàdì sí i.

Inú menu yẹn náà ni fíltà wà. Fíltà máa ń mú àwọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì mú èyí tó jìnnà sí i ṣókùnkùn. Ti pupa á sọ ojú ọ̀run búlúù di dúdú, kí ìkùukùu funfun lè yọ. Ìyẹn dáa lẹ́yìn òjò. Nígbà ọyẹ́, tí ojú ọ̀run bá ti funfun bí ògì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Lára èèyàn ńkọ́? Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ mi jà. Fíltà pupa máa ń bóra fún èèyàn! Adúmáadán á dé iwájú rẹ̀, apọ́nbéporé ni yóò bá jáde, ètè á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ ojú. Ta ló rán wa níṣẹ́ yẹn? Fíltà ewé ló ń jẹ́ kí dúdú dúdú, á sì fi ilà ojú bàbá àgbà hàn kedere. Ọmọge tó ní irorẹ́ ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣá. Ti yẹ́lò ni kí ẹ fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ má sì ra gíláàsì pupa tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì láyé fíìmù. Nínú ojú mẹ́rin lára sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, méjì jẹ́ ti ewé, ọ̀kan ti pupa, ọ̀kan ti búlúù. Gíláàsì yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mẹ́ta lójú nínú mẹ́rin.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà gbà pé eérú ni gbogbo ayé. Ẹ gbé agbádá funfun síwájú rẹ̀, á fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Ẹ lọ síbi Exposure Compensation, níbi tí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí yọ ọ́, kí ẹ fi +1 kún un. Ẹ gbé adúmáadán síwájú ògiri dúdú, á mú un mọ́lẹ̀ jù; ẹ yọ 1 kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fẹ fọ́tò náà, kí ẹ wo iṣẹ́ ọnà àyà agbádá. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ti sọnù sínú funfun, RAW gan-an lè má lè jí i. ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára tó, ò le tó bẹ́ẹ̀: ní 3200, àbàwọ́n aláwọ̀ ti lọ, hóró tó kù á dà bíi ti fíìmù.

Ẹnìkan bi mí pé ṣé gbogbo nǹkan ló yẹ ní dúdú àti funfun. Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yẹ ẹ́: láti 1968 ni olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ó ya irun onílé gogoro ní 1975. Irun dúdú, òwú dúdú, ẹ̀yìn tó mọ́ láìsí wúruwùru. Kò sí pupa tó máa sọnù níbẹ̀, dídán òwú nìkan ló kù fún ojú láti tẹ̀ lé. Gèlè ìgbéyàwó kì í ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Títí dòní, tí ìyá ìyàwó yẹn bá pàdé mi lọ́nà, kò ní kọ́kọ́ dá ìkíni mi padà. Á ní, “Onífọ́tò, gèlè mi pupa dà?”