Ẹ Yé Dí Ojú Ọ̀nà Omi: Ọ̀rọ̀ Nípa Dáàmù Olóko Kéékèèké

Mo bá àwọn olóko kan sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yábàá. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àwàdà inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ti jẹ nínú àkókò wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè bọ́ sí i. Èkó la wà, ṣùgbọ́n oko yín ni mò ń sọ: èyí tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, lọ́nà Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ẹ ra ilẹ̀, odò kékeré kan ń ṣàn kọjá níbẹ̀, ẹ pe oníkatakata, ó wọ́ amọ̀ jọ, ó dí i, ẹ da ẹja sí i. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sétí rẹ̀, wọ́n ń pè é ní lake fún àlejò ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, dáàmù ni.

Ohun tí ẹ máa ń sọ fún mi ni pé, "Ẹnjiníà, tèmi kéré." Ó dáa, ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi náà gba hẹ́kítà kan, ìyẹn bíi pulọ́ọ̀tì 15 l'Ékòó, kó sì jìn tó mítà 3 káàkiri. Kúbíìkì mítà 30,000 nìyẹn, tọ́ọ̀nù kan sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to tìrélà 1,000 tó ru tọ́ọ̀nù 30-30 sórí òkè abúlé kan, kí ó jẹ́ amọ̀ nìkan ni bíréèkì wọn.

Ẹ̀yin tó ti gbọ́ mi rí, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ: spillway. Ọ̀nà tí omi àpọ̀jù ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni, kó má bàa gba orí ògiri. Bí omi bá ti gba orí ògiri amọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọ̀ lọ, yóò máa gé e jẹ títí tí yóò fi ya.

Ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ló ni dáàmù South Fork, lókè ìlú Johnstown. Andrew Carnegie wà nínú wọn, ẹ ò lè sọ pé owó ló wọ́n wọn. Ẹni tó ni dáàmù náà ṣáájú wọn ti hú páìpù irin tí wọ́n fi ń dín omi rẹ̀ kù, ó ti tà á. Wọn ò fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n bẹ́ orí ògiri sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè ráyè kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n tún wá fi irin ṣe àsẹ́ sẹ́nu spillway, kí ẹja tí wọ́n fowó rà má bàa bómi lọ. Òjò ńlá dé, igi àti pàǹtírí dí irin náà, omi gba orí ògiri ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, 1889. Èèyàn 2,209 ló kú. Nítorí ẹja!

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ ni. Ti Ka Loko ní Hawaii, ní 2006, èèyàn 7 ló bá a lọ; ìwádìí ní wọ́n ti ru iyẹ̀pẹ̀ dí spillway rẹ̀. Solai ní Kẹ́ńyà, ẹ mọ̀ ọ́n: dáàmù olóko ni, ó ya lóru ní 2018, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Mo sì wọ oko kan lọ́nà Ìjẹ̀bú, wọ́n na àwọ̀n sẹ́nu spillway, ewé ọparun àti ọ̀rá omi ti dí ìdajì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú u. Máníjà ní, "Ọ̀gá, ẹja àrọ̀ á lọ o."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń fi dáàmù Edenville ní Michigan, Amẹ́ríkà, gún mi, torí ní 2020 ògiri rẹ̀ ya kí omi tó gba orí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi ga lọ́jọ́ náà ju bó ti ga rí lọ. Kí ló gbé e dé ibẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọ̀nà àbájáde kò tó? Àwọn yìí kan náà ló ń sọ pé fọ́ọ̀mù àti ìwé àṣẹ ni ojútùú. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí onídáàmù yẹn títí, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2018. Omi ò ka lẹ́tà.

Jíjò ló kàn. Kò sí ògiri amọ̀ tí kì í jò díẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri níhà tí kò sí omi, ẹ fi ife gíláàsì bu èyí tó ń sun, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bó bá mọ́ lóló, ẹ kọ déètì sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Bó bá pọ́n bí amọ̀, inú ògiri ló ń ṣàn jáde yẹn. Ẹ máa dín omi kù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibẹ̀ ni mo dé tí màmá kan fi nawọ́. "Ẹnjiníà, Ìshẹ́rí ni mò ń gbé, mi ò ní oko, ọmọ mi ló mú mi wá. Omi dáàmù Ọ̀yán ló ń bá wa nílé. Ẹ ò sọ ti Ọ̀yán, ti ẹlẹ́ja lẹ̀ ń sọ. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ odò, ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀?" Pàtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ju tèmi lọ.

Mọ́mì, ẹ jàre. Láti 1983 ni Ọ̀yán ti ń ṣiṣẹ́, ìjọba ló ni ín. Omi rẹ̀ ń wọ odò Ògùn, ó ń gba Ìshẹ́rí àti Kárà lọ sínú ọ̀sà. A lè jà lórí bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí, ìkìlọ̀ sì máa ń jáde lórí rédíò. Dáàmù olóko kò ní ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Mẹ́gáàdì ló ń rí i lóru pé omi ti ga, kò sì ní nọ́ńbà ẹnì kankan nísàlẹ̀. Mo wá bi àwọn tó jókòó pé ta ló mọ orúkọ baálẹ̀ abúlé tó wà nísàlẹ̀ dáàmù rẹ̀. Ọwọ́ tó sókè ò pọ̀ rárá.

Bí mo ṣe pa ìyókù tì nìyẹn. Ní ṣókí: ẹ máa ṣí fáàfù páìpù tí ẹ fi ń dín omi kù lọ́dọọdún kó má bàa gan, ẹ má gbin igi sórí ògiri, èyí tó bá sì ti di ńlá, ẹ má kàn bẹ́ ẹ, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, á di ihò, ẹ dí ihò òkété. Ó tán.

Ti màmá yìí ló gba ìyókù àkókò. Ẹ ri òpó kan sínú omi, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i ní ìsàlẹ̀ orí ògiri dáadáa. Bí omi bá kan pupa, kí mẹ́gáàdì pe baálẹ̀, kí ó pe ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ yín ní Lẹ́kí. Ẹ fi owó ìpè sí fóònù rẹ̀.

Bàbá kan ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣé òun lè na àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ sẹ́nu spillway. Mo ní rárá, sà. Ẹ ta ẹja tó bá ti tó tà kí òjò oṣù Kẹfà tó dé.